Àwòrán Ogun Àgídìngbì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí àwòrán àtijọ́ kan tí James George Philp yà nípa ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Kòsọ́kọ́ ọba Èkó jà ní 1851. Orúkọ tí wọ́n fún un ni pé ọba Èkó kọlu àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ yìí wò. N kò jiyàn pé àwọn ará Èkó yìnbọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ọkọ̀ ogun wọ inú ọ̀sà ta ni? Bákan náà ni William Hodges ṣe ya bí Cook ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù Erromanga ní 1774: onílé ni ó ń kọlu àlejò.

Àwọn baba wa ní etí ọ̀sà yìí kò ya ogun náà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni: Ogun Àgídìngbì. Ìró àgbá ni. Ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn àgbá ni Philp fi wò ó. Etí ẹni tí àgbá ń dún lé lórí ni tiwa.

Àwòrán náà kò sì dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí Kòsọ́kọ́ sá lọ tẹ̀dó sí, tí Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, fi bá a ṣe àdéhùn ní 1854.

N kò ní kí a fa àwòrán náà ya. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ tiwa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.