Èèkù Tó Di Àkọ̀: Ọ̀bẹ Tẹ́ẹ́rẹ́ Inú Àpò

Ọ̀bẹ tó mú jù nílé kò wúlò fún ẹni tó wà lọ́nà. Ẹni tó ra ìrèké létí títì, ẹni tí wọ́n gbé páálí ẹrù kalẹ̀ fún níbi iṣẹ́, ẹni tí okùn ẹnu àpò ìrẹsì ta kókó mọ́ lọ́wọ́, ọ̀bẹ tó bá wà lára rẹ̀ lásìkò náà ni ọ̀bẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé irú ọ̀bẹ wo ló yẹ kóun máa mú rìn, pé kó kọ́kọ́ wo bó ti tinrin tó kó tó wo bó ti mú tó. Ọ̀bẹ tó kú, a lè pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ki, tó ń fa àpò ṣòkòtò wálẹ̀, tó ń gún itan bí a bá jókòó, kì í pẹ́ tí olówó rẹ̀ fi ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà lọ́jọ́ tí a bá wá a.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ọ̀bẹ tí a ń mú rìn: ojú, èèkù àti àkọ̀. Ojú ló ń gé, èèkù ni ọwọ́ ń dì mú, àkọ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ gé ẹni tó ni ín. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú ọ̀bẹ tó ń ṣẹ́po ló sọ mẹ́ta di méjì. Ó la àárín èèkù, ó sì jẹ́ kí ojú máa sùn síbẹ̀, ni èèkù bá di àkọ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná, nítorí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ti ń lo irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, n kò tíì rí ọgbọ́n mìíràn tó mú ohun tó lè gé ni rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè kó o sápò pẹ̀lú owó àti kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé èèkù tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àkọ̀ kì í fẹ́ tinrin. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ inú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á fi igi tàbí ìwo bò ó lóde, wọ́n á ki sípíríǹgì bọ ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi rífẹ́ẹ̀tì kan gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí a tó mọ̀, ọ̀bẹ kékeré ti ki pọ́pọ́. Lójú tèmi, oníṣẹ́ tó bá lè yọ nǹkan kúrò lára ọ̀bẹ tí ọ̀bẹ náà kò sì di yẹpẹrẹ, òun ni ọ̀gá.

Mo mọ mẹ́ta tó yege nínú ìdánwò yìí. Èkíní ni Opinel, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní agbègbè Savoie nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1890. Ègé igi kan ṣoṣo ni èèkù rẹ̀. Ní 1955, wọ́n fi òrùka irin kan sí i lọ́rùn, èyí tí a máa ń yí kí ojú ọ̀bẹ má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Nínú àwọn Opinel, èyí tí wọ́n ń pè ní Effilé ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó sì dára fún ẹja àti ẹran. Àléébù rẹ̀ ni pé bí omi bá rin igi náà, igi á wú, á sì há ojú ọ̀bẹ mọ́nú. Ẹni tó ń gbé níbi tí òjò ti ń pẹ́ nílẹ̀ kò ní ṣàì rí i. Èkejì ni Higonokami, ti ìlú Miki ní Japan. Páànù idẹ tàbí ti irin tí wọ́n ká ni èèkù rẹ̀. Kò ní sípíríǹgì rárá. Ìrù kékeré kan ló yọ jáde lẹ́yìn ojú ọ̀bẹ, àtàǹpàkò ẹni ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a bá ń gé nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé nílẹ̀ Japan ló fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù wọn láyé àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ni ààyò mi, Douk-Douk. Ilé iṣẹ́ ìdílé Cognet, ní ìlú Thiers nílẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1929. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Èèkù rẹ̀ kò ní igi, kò ní ìwo. Páànù irin kan ṣoṣo ni wọ́n gé, tí wọ́n ká bí ẹni ká bébà sí méjì, tí ojú ọ̀bẹ àti sípíríǹgì sì wọ àárín rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di dúdú kó lè gbéjà ko ìdógùn-ún. Ó fẹ̀ díẹ̀ lápá orí, ó wá ń tín-ín-rín lọ sí ìdí, níbi tí òrùka kékeré kan wà tí a lè ki okùn bọ̀. Bí ẹ bá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọmọńdinrín, ìka yẹn ló máa ki jù ú lọ. Nínú àpò bùbá tàbí ti ṣòkòtò, ẹni tó ni ín pàápàá lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ lára ọ̀bẹ àpò gan-an nìyẹn.

Ẹ wá ṣí i. Èékánná àtàǹpàkò la fi ń fà á, ó sì ń béèrè agbára díẹ̀, nítorí sípíríǹgì rẹ̀ le. Kò jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ jáde títí yóò fi dé àárín ọ̀nà. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, sípíríǹgì kan náà á tì í síta, á dún pá, á sì dúró gbọn-in. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ yọ ikùn díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì ká sókè bíi ti idà àwọn ará Tọ́kì. Wọ́n fín ọnà lílọ́ sára irin náà. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 bí a bá ṣí i tán. Àbúrò rẹ̀ gùn tó 16.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ ti di bárakú ní Thiers láti ohun tó lé ní 500 ọdún. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Durolle ń sàn wálẹ̀ láàárín àwọn òkè ìlú náà, agbára omi rẹ̀ ló sì ń yí àwọn òkúta ńlá tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ láyé àtijọ́. Àwọn apọ́nbẹ ìgbà náà kì í jókòó ṣiṣẹ́. Orí pákó ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí, òkúta a máa yí lábẹ́ wọn, wọ́n á sì na ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n lè fi gbogbo ara tẹ irin mọ́ òkúta. Ibẹ̀ tútù púpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kí ajá wọn sùn lé wọn lẹ́sẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè móoru. Eruku òkúta a máa kun ikùn wọn, débi pé oníkùn yẹ́lò ni ará àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bá wo bí ojú Douk-Douk ti tẹ́ tó, ìran àwọn tó dọ̀bálẹ̀ fún irin yẹn ni mo ń rántí. Ohun tó rọrùn láti fi sápò kì í ṣe ohun tó rọrùn láti ṣe.

Ara èèkù náà ni àwòrán kan wà tí Yorùbá kò ní ṣàì tẹjú mọ́. Ẹnì kan ni wọ́n yà síbẹ̀, fìlà orí rẹ̀ ga ṣóńṣó, ewé ló sì fi ṣaṣọ. Duk-duk nìyẹn, agọ̀ ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin Tolai ní erékùṣù New Britain, ní Papua New Guinea. Ẹni tó bá wọ inú agọ̀ náà kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́, ẹ̀mí ló dà. Obìnrin kò sì gbọdọ̀ mọ awo rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà nílé eégún kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí wọ́n fi yà á ni pé àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti ta ọ̀bẹ ọ̀hún fún. Ó wá tàn ká àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, pàápàá Àlìjéríà, níbi tí àgbẹ̀ àti darandaran ti sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1954 sí 1962, ọ̀bẹ oúnjẹ yìí kan náà di ohun ìjà. Mo mẹ́nu kàn án nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń yin irin gbàgbé pé ti Ògún ni.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fi Douk-Douk ṣe ni bíbó ọsàn. Ọ̀bẹ tó ki máa ń wọnú ẹran ọsàn, omi á máa kán sílẹ̀ kí a tó bó o dé ìdajì. Ojú tó tinrin máa ń wà láàárín èèpo aláwọ̀ ewé àti funfun inú rẹ̀; bí a bá ń yí ọsàn díẹ̀díẹ̀, èèpo á máa já bọ́ ní gígùn láìgé, ọsàn á sì funfun nini láì kán ẹ̀jẹ̀ kankan. Bákan náà ló rí nídìí orógbó. Ọ̀bẹ tó nípọn ń là á ni, á fọ́ sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ń gé e gẹ́gẹ́ bí a ti fẹ́. Kì í ṣe pé irin kan mú ju èkejì lọ. Ohun tí ẹnu ọ̀bẹ bá là, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ki, agbára ọwọ́ ló máa ń lọ síbẹ̀.

Irin Douk-Douk kì í ṣe irin tí kì í dógùn-ún. Irin kábọ́ọ̀nù ni, àwọn tó fẹ́ kí ọ̀bẹ wọn máa dán bíi ṣíbí àlejò kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Omi ọsàn á kùn ún, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ di aró díẹ̀, lẹ́yìn náà á di eérú, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣú. Èmi fẹ́ràn àwọ̀ yẹn. Kì í ṣe ìdógùn-ún pupa tó ń jẹ irin. Ìbora ni, ó sì ń dáàbò bo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì jẹ́ tuntun, èso kíkan tí a fi gé lè ní adùn irin díẹ̀ lẹ́nu. Bó bá ti ṣú tán, ìyẹn á lọ. Àǹfààní irin yìí ni pé ó rọrùn láti pọ́n. Òkúta ìpọ́nbẹ kékeré àti omi díẹ̀ ti tó, kò sì ní gbà ju ìgbà tí a fi ń dúró de omi kó hó lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá lò ó tán, kí a nù ún gbẹ kí a tó pa á dé, nítorí òógùn ara àti ọ̀rinrin etíkun ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí oríkèé rẹ̀ á mú kó máa yọ̀. Ẹ má fi òróró ìdáná sí i, torí yóò di gọ́ọ̀mù bó bá pẹ́. Bí ẹ bá sì ń pa á dé, ẹ fi ọwọ́ sìn ín wọlé. Ẹ má jẹ́ kí sípíríǹgì gbá a, nítorí ẹnu ọ̀bẹ lè fi ara gbá irin inú èèkù kó sì kú.

Ó ní ohun tí kò lè ṣe. Kò sí ohun tó ti ojú rẹ̀ pa, sípíríǹgì nìkan ló gbé e dúró. Ẹni tó bá fi gún nǹkan, tàbí tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu nǹkan, lè rí i kó pa dé lé ìka. Ó yẹ ká mọ òfin ibi tí a wà pẹ̀lú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1988 gbà kí ènìyàn mú ọ̀bẹ tó ń ṣẹ́po rìn ní gbangba láìní láti sọ ìdí, bí ẹnu rẹ̀ kò bá gùn ju ínǹṣì mẹ́ta lọ tí kò sì ní ohun tó ń tì í pa. Douk-Douk tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ti kọjá ààlà yẹn. Àbúrò rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá, kó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí a bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí a fi sábẹ́ ọkọ̀ ni ibùjókòó rẹ̀. Láwùjọ, kí a tó yọ ọ̀bẹ, ká wo ẹni tó wà nítòsí. Bí a bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, ká pa á dé kí a tó nawọ́ rẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tàbí òmíràn, kó pa á dé kó sì fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ èèkù: ṣóńṣó ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé pátápátá, kó má baà ya àpò. Kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó wò ó bóyá ojú náà dúró láàárín èèkù, tí kò fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Kó ṣí i, kó mì ín lọ́tùn-ún lósì. Kò yẹ kó máa mì. Lẹ́yìn náà, kó fi sápò kó sì jókòó. Bó bá ń rò ó níbi tó wà, kó dá a padà fún ọlọ́jà.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò lè pọ́n ara rẹ̀, kò sì lè nu ara rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ọ̀bẹ àpò láì ra òkúta ìpọ́nbẹ mọ́ ọn ti ra ìdajì ọjà. Kó ra méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.