Ẹ̀rín Lásìkò Ọ̀wọ́n: Sazae-san àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Hasegawa Machiko

Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946, nǹkan bí èèyàn 250,000 ló kóra jọ síwájú ààfin ọba ní Tokyo, tí wọ́n ń béèrè oúnjẹ. Ogun ti parí láti oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ebi kò bá ogun lọ. Ìrẹsì tí ìjọba Japan ń wọ̀n fún ilé kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, kì í kárí. Àwọn ará ìlú ńlá ń fún ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìgbèríko, wọ́n ń fi kìmónò gba ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ní ayé èhù ọparun làwọn ń gbé: bí èèyàn ṣe ń bó o ní ìpele-ìpele, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń tán nínú àpótí. Ẹni tó bá ní òun ò ní ra ọjà bíláàkì, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947, Yamaguchi Yoshitada, adájọ́ kan ní Tokyo, kú nítorí ebi. Ó ti fàáké kọ́rí pé òun tí òun ń dá àwọn oníbíláàkì lẹ́jọ́ kò ní jẹ nínú ọjà wọn.

Inú ayé yìí ni Sazae-san ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 1946, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Fukuoka, tí wọ́n ń pè ní Fukunichi, gbé àpótí àwòrán mẹ́rin jáde nípa ọmọge kan tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Bọ́ǹbù ti jó ìlú náà ní oṣù Kẹfà ọdún 1945. Ọmọ ọdún 26 ni Hasegawa Machiko, obìnrin tó ya àwòrán náà. Títí tó fi parí ìtàn náà lọ́dún 1974, ó ti ya irú rẹ̀ tó lé ní 6,000, ìwé ìròyìn Asahi tó ń kárí gbogbo orílẹ̀-èdè sì ti gbà á láti ọdún 1949.

Àwọn kan máa ń wo irú iṣẹ́ báyìí bí oògùn oorun, ohun tí wọ́n fi ń pa ará ìlú lọ́kàn dà kó lè gbàgbé ìyà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka Sazae-san àwọn ọdún àkọ́kọ́ yóò rí i pé ìyà náà gan-an ni Hasegawa fi ṣe ẹ̀rín. Kò kó òǹkàwé lọ sí ìlú àlá. Inú ilé ìdáná tí ìkòkò rẹ̀ kò kún ló mú un dúró sí, ó sì tọ́ka sí ohun kan níbẹ̀ tó ṣì lè pa á lẹ́rìn-ín. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyẹn, òun ló sì mú kí n kà á mọ́ iṣẹ́ ọnà tó jinlẹ̀.

Hasegawa kọ́ ló kọ́kọ́ gbé kátúùnù pàdé àjálù ní Japan. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo àti àyíká rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1923, tí iná sì jó ìlú náà, ìwé ìròyìn Hōchi ní kí Asō Yutaka máa ya Nonki na Tōsan, ìtàn bàbá kan tí kì í kánjú, lójoojúmọ́, kí ara lè tu àwọn tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rín wọ iṣẹ́ ológun. Tagawa Suihō ló ya Norakuro láti ọdún 1931, ìtàn ajá dúdú kan tí kò nílé tó lọ di sójà. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi títí ó fi dáwọ́ dúró lọ́dún 1941. Ọ̀dọ̀ Tagawa yìí gan-an ni Hasegawa ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Nígbà tó wá dé orí iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí bárékè, kò sí ìbọn, kò sí akọni. Obìnrin onílé ló fi síwájú, pẹ̀lú bàbá tí irun kan ṣoṣo kù ní àtàrí rẹ̀, àti àbúrò ọkùnrin tí kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo ka yíyàn yìí sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ẹgbẹ́ kankan.

Ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ ká mọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1920 ni wọ́n bí i, ní ìpínlẹ̀ Saga. Fukuoka ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ sì kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ sí Tokyo. Nígbà tí ogun le, wọ́n padà sá wá sí Fukuoka. Kò lọ́kọ títí ó fi kú ní ọdún 1992. Ilé obìnrin ni ilé tó gbé láyé rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó kàn jókòó, ó ń ṣe àdàkọ ìdílé tirẹ̀. Àgbo ilé Isono tó yà, tí bàbá, ìyá, ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ jọ ń jẹun nídìí tábìlì kékeré kan, òun ló fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Etíkun ni wọ́n ní ó ti rí orúkọ wọn. Sazae jẹ́ irú ìgbín òkun kan, Katsuo jẹ́ ẹja, Wakame jẹ́ ewé òkun. Ní ọdún tí àwo ṣófo nílé gbogbo, ó fi orúkọ ohun jíjẹ sọ àwọn ọmọ inú ìtàn rẹ̀. Mi ò lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ebi ń pa kò ní ṣàì ṣàkíyèsí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ètò iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àpótí mẹ́rin ni, tí wọ́n tò léra láti òkè wá sísàlẹ̀. Ètò tí àwọn ará Japan ń tẹ̀ lé wá láti inú ewì àwọn ará China àtijọ́: àpótí kìíní na ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìkejì tì í síwájú, ìkẹta yí i padà lójijì, ìkẹrin ká a nílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó bá gùn ju èyí lọ kò ráyè. Ká ní obìnrin kan rí èrò tó tò gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà. Àpẹẹrẹ tèmi rèé o, kì í ṣe èyí tí Hasegawa yà. Ó sáré tò sẹ́yìn wọn láì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ní àpótí kejì, àwọn mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní ìkẹta, ẹni tó wà níwájú pátápátá bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ìkẹrin, obìnrin wa ló wá di ẹni iwájú, gbogbo èrò sì ń wò ó lójú. Ẹni tó bá ti tò fún epo bẹntiróòlù rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni àti ibi tó ti ń pani lẹ́rìn-ín.

Ohun tí àpótí kẹta ń ṣe ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ìyípadà inú rẹ̀ kì í mú ìyà kúrò. Oúnjẹ kì í já bọ́ láti òkè, olówó kan kì í ṣàdédé yọjú. Ohun tó ń yí padà ni ibi tí èèyàn dúró sí tó ti ń wo nǹkan. Àpótí kẹrin kì í sì í sọ pé ayé ti dára. Ó kàn ń fi ojú Sazae hàn wá, ojú ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú tàbí tí ìtìjú bá, a sì mọ̀ pé lọ́la yóò tún jáde síta bíi ti àná. Nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń jáde, ìjákulẹ̀ kankan kì í di òpin. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó gba ohun tó ń padà wá ní àràárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nínú ìwé ìròyìn kan náà tí ìròyìn ọ̀wọ́n àti ìròyìn ìgbẹ́jọ́ àwọn aṣáájú ogun ní Tokyo wà. Òǹkàwé kò lè dé ibi ẹ̀rín láì fojú kan ìròyìn. Ètò ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ayọ̀ náà di irọ́.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1946, àwọn obìnrin Japan dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìdìbò gbogbogbòò, wọ́n sì yan obìnrin 39 sí ilé aṣòfin. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Sazae jáde. Ìwé òfin tuntun tó sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Sazae kò sọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa òfin. Ó ń sáré lójú títì, ó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń pariwo. Nígbà tí Hasegawa ń kó lọ sí Tokyo tó sì fẹ́ dáwọ́ ìtàn náà dúró, ó fún un lọ́kọ. Lẹ́yìn tó tún padà bẹ̀rẹ̀, ọkọ náà, Masuo, wá ń bá wọn gbé nílé àwọn òbí ìyàwó. Láwùjọ tí ìyàwó ti ń lọ sílé ọkọ, ọ̀rọ̀ ńlá ni ètò ilé yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e kalẹ̀ láìpariwo, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Hasegawa kò dúró de onílé ìtẹ̀wé kankan. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, wọ́n pè é ní Shimaisha, ilé iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìbú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kò sì rọrùn fún àwọn onísọ̀ọ̀bù láti tò ó, wọ́n bá ń dá a padà. Wọ́n ṣe ìkejì ní ìwọ̀n kékeré, ó sì tà. Ẹ̀rín náà ní láti bá àyè tó wà mu kó tó lè dé ọwọ́ àwọn èèyàn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Ọ̀fọ̀ ogun wà nínú Sazae-san, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé, kì í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ogun Japan ṣe nílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn kò ráyè nídìí tábìlì Isono. Iṣẹ́ ilé tí obìnrin ń ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sáábà fi ń ṣe, wọn kì í sọ ẹrù rẹ̀ tán. Àbùkù gidi ni, mi ò sì ní fi ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ náà bò ó mọ́lẹ̀. Ó dà bíi pé Hasegawa fúnra rẹ̀ mọ̀ pé adùn yìí ní ààlà. Ní ọdún 1966 ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, Ijiwaru Bāsan, nípa ìyá arúgbó kan tí ìkà ṣíṣe ń dùn mọ́. Ọwọ́ kan náà ló ya méjèèjì. Èyí jẹ́ kó dá mi lójú pé inú rere Sazae kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹni tó mọ ibi tí ọkàn èèyàn burú dé ló ń yan ohun tí yóò bá ará ìlú sọ láàárọ̀.

Nígbà tí owó wọ Japan, ìtàn náà bá a yí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n wọ ilé, ẹ̀fẹ̀ oúnjẹ di ẹ̀fẹ̀ owó oṣù àti ẹ̀bùn ọdún. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, Fuji TV bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sazae-san hàn ní àwòrán alárìn. Ó ṣì ń lọ títí di òní, ìwé Guinness sì kà á sí eré àwòrán alárìn tó pẹ́ jù lọ lórí tẹlifíṣọ̀n láyé. Ibí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n, ọjọ́ kò lọ, ọmọdé kò dàgbà, ọjà kò gbówó lórí. Ìdílé náà ṣì wuni, ṣùgbọ́n ohun tí ayọ̀ wọn ń bá jà ti kúrò nílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́fà ààbọ̀, ni wọ́n máa ń fi í hàn. Ọ̀pọ̀ ará Japan ní bí orin ìparí rẹ̀ bá ti ń dún, ìrẹ̀wẹ̀sì iṣẹ́ ọjọ́ Ajé á bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní àìsàn Sazae-san. Eré tó wá láti inú ìwé ìròyìn tó ń bá àwọn èèyàn rìn wọnú ọjọ́ tó le ti di agogo tó ń sọ fún wọn pé ìsinmi ti tán. Mi ò dá àwọn òṣèré rẹ̀ lẹ́bi. Mo kàn gbà pé ẹ̀rín tí a bá yọ ọ̀wọ́n kúrò lábẹ́ rẹ̀ kì í lágbára láti gbé èèyàn dé òwúrọ̀.

Ọ̀wọ́n náà kò lọ títí láé. Ní ìparí ọdún 1973, nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí kárí ayé, àwọn obìnrin Japan tún tò, lọ́tẹ̀ yìí fún ìwé ìnùdí. Láàárín rúkèrúdò yẹn, ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1974, ni Sazae-san jáde kẹ́yìn nínú Asahi. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lónìí lè rí ẹ̀dà tí Kodansha tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀ mọ́ ti Japan ní àwọn ọdún 1990. Ìmọ̀ràn tí mo ní ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún tí ọkùnrin ṣì ń wọ aṣọ sójà tó ti gbó lọ síbi iṣẹ́, kó sì tó ṣí tẹlifíṣọ̀n rárá, kó kà wọ́n bí àwọn ará Fukuoka ṣe kà wọ́n: ẹyọ kan lóòjọ́.