Ọwọ́ Ta Ni Ìwé Wà? Shahrazad àti Obìnrin Ará Bath

Bí a bá dárúkọ Alf Layla wa-Layla, ìyẹn Ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ẹ̀tàn ni Shahrazad fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò fara balẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

Ọdún mẹ́ta ni ọba Shahrayar fi ń gbé ìyàwó lálẹ́, tí ó sì ń pa á láàárọ̀, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ dalẹ̀ rẹ̀. Shahrazad jẹ́ ọmọ olórí ìjòyè ọba. Kò sí ẹni tí ó fi ipá fún un lọ́kọ. Òun ni ó ní kí bàbá òun fi òun fún ọba, kí òun lè gba àwọn ọmọbìnrin yòókù là. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó sọ ìtàn oníṣòwò kan fún un, ẹni tí ó na ìyàwó rẹ̀ títí ó fi túúbá, ó sì ní bí òun náà yóò ti ṣe é nìyẹn. Ọmọ kò yẹ̀. Ibo ni ó ti rí irú ìgboyà yìí? Ìwé náà ti sọ fún wa: ó ti ka ìwé púpọ̀, ó mọ ìtàn àwọn ọba àtijọ́ àti ewì. Ìmọ̀ yẹn ni ó gbé wọ ilé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé obìnrin mìíràn. Geoffrey Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní ọdún 1400, kọ ìtàn Alison ará ìlú Bath sínú The Canterbury Tales. Obìnrin yìí mọ aṣọ hun, ó lówó lọ́wọ́, ó lọ sí Jerúsálẹ́mù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹ́ ọkọ márùn-ún. Ọkọ karùn-ún, Jankyn, ní ìwé kan tí ó kún fún ìtàn àwọn obìnrin burúkú, èyí tí ó máa ń kà sí i létí. Lọ́jọ́ kan, Alison fa ewé mẹ́ta ya nínú rẹ̀. Ọkọ lù ú lórí, etí rẹ̀ kan sì di. Nígbẹ̀yìn, ọkọ fi àkóso ilé àti ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì sun ìwé náà.

Àwọn méjèèjì ní agbára lọ́dọ̀ ọkọ, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Ní ilé Alison, ọwọ́ ọkọ ni ìwé wà. Etí kan ni ó fi san án kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ìwé náà. Ní ti Shahrazad, inú orí rẹ̀ ni ìwé wà, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á.

Àwọn kan yóò ní àwọn ọmọ tí ó bí ni ó gbà á là. Lóòótọ́, nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Bulaq, ní Káírò, ní ọdún 1835, ó kó ọmọkùnrin mẹ́ta wá síwájú ọba. Ṣùgbọ́n ẹ ka èsì ọba: ó ní òun ti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí kí àwọn ọmọ náà tó dé, nítorí ìwà mímọ́ rẹ̀. Àbùkù tí àwa rí nínú ìwé náà ni pé ọba ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ti pa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin yín ni sàdáàkí, ṣùgbọ́n sàdáàkí lè tán. Ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò nílé kéwú nítorí pé ọkọ ti dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin náà, kí ẹ bi ara yín: irú ìwé wo ni ẹ fẹ́ máa kà sí ìyàwó yín létí? Ṣé ẹ sì ṣe tán láti gbọ́ èyí tí òun náà ti kà?