Ìkíni Náà Jẹ́ Ìtọ́jú

Ọgbọ́n tí Tom Kitwood àti Kathleen Bredin dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Bradford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ fún ìyìn. Nínú ọgbọ́n yìí, olùwòye á jókòó sáàárín àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà nílé ìtọ́jú. Bí ìṣẹ́jú 5 bá ti ń kọjá, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ta ló bá màmá sọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tó gbé oúnjẹ wá kí wọn? Ṣé ara tù wọ́n? Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn olùtọ́jú á jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí iṣẹ́ lè sunwọ̀n sí i. Ọgbọ́n yìí ka ìkíni àti ìtàkúrọ̀sọ mọ́ ìtọ́jú, bí oúnjẹ àti oògùn.