Ta Ni Ọ̀mùtí Ń Wá Lọ Sílùú Àwọn Òkú?

Àwa tí a wà ní Erínjẹ yìí, a ò lè ka The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952 bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ lásán. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ la wà. Ògùrọ̀ wà létí odò, ògógóró wà lábẹ́ tábìlì. Síbẹ̀, lójú tiwa, ẹmu kọ́ ni wàhálà ọkùnrin inú ìwé yẹn.

Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń mu. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tó ní ọ̀pẹ 560,000, ó sì gba adẹ́mu fún un, tó ń gbé agbè 150 wá láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ kún ilé. Àfi lọ́jọ́ Àìkú kan tí adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ, ó kú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta tí kò sí ẹmu, ilé ti dá páropáro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn nígboro, ó kí i. Ìyẹn dáhùn, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn, kíá ló bá tiẹ̀ lọ. Ibẹ̀ yẹn ló dùn wá jù nínú gbogbo ìwé náà, ju iwin àti abàmì tí gbogbo ayé ń sọ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kó oògùn rẹ̀ jọ, tó wá òkú lọ.

Adẹ́mu ò lè bá a padà. Ẹyin kan ló fún un, ẹyin tó ń bọ́ èèyàn nígbà ìyàn. Ilé tún kún! Ẹyin fọ́, wọ́n tún túká, èébú ni wọ́n sì ń bú u lọ. Ó wá lẹ ẹyin náà, ó pè wọ́n padà, ẹgba ló jáde sí wọn. A rẹ́rìn-ín, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan ló mọ̀, kò tíì mọ ara rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé tí òun ò lè dá jókòó.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, ó sọ ọ̀mùtí náà ní Lánkẹ́, ó sì sọ ìrìn àjò náà di àlá tó jí kúrò nínú rẹ̀. Eré náà dùn, àmọ́ jíjí yẹn ti rọrùn jù. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè tí kò jìnnà sí wa, ògógóró tí methanol wọ̀ pa èèyàn. Ojú wọn á kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Òrìṣà làwọn kan kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ẹnìkan wà láàárín wa tó ti pa ọtí tì. Tẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ ká má jókòó tì í. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà. Ó kí wa, a dáhùn. À ń kánjú lọ síbì kan.