"Off the Light": Èmi Olóòtú Ni Mo Jẹ̀bi

Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo máa ń yẹ̀ wò lójú ewé yìí. Lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gbé síta kí ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́.

Ẹ ó rántí ìtàn kan tí a tẹ̀ ní sáà tó kọjá, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan ni ọkọ rẹ̀ kú. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní ilé "face-me-I-face-you". Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ẹ̀rù òkùnkùn ń ba ọmọ náà, kò fẹ́ kí wọ́n pa iná. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Off the light. Sleep." Èmi olóòtú mú báírò pupa, mo sọ ọ́ di "Please switch off the light and go to sleep." Inú mi ń dùn pé mo ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìwé jáde, tí òǹkọ̀wé náà rí i, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi: "Ìyá mi kọ́ nìyí." Láti ọjọ́ náà, kò mú ìtàn kankan wá fún wa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyá yẹn ṣe. Nínú "switch off", "off" ló ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi "on" rọ́pò rẹ̀, ẹ ó rí i pé iná á tàn. Ìyá yẹn fi "switch" sílẹ̀, ó mú èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kò sì ṣàdédé ṣe é. "Pa iná", "tan iná" là ń sọ nílé: ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan, iná sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Off the light" ń rìn bí "pa iná" ṣe ń rìn. Àní ó ti wọnú Yorùbá ẹnu wa. Ta ni kò tíì gbọ́ "Jọ̀ọ́, bá mi ọ́ọ̀fù fáànù yẹn" nínú hostel? "Up NEPA!" náà ńkọ́? Láti 2005 ni PHCN ti gba ipò NEPA. Ní 2013, wọ́n gbé iṣẹ́ pípín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, tí iná bá dé lóru, àwọn ọmọdé á ṣì pariwo "Up NEPA!" Olóòtú wo ló máa sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí "up" máa tẹ̀ lé?

Ẹ má wá rò pé mò ń sọ pé kò sí àṣìṣe mọ́ o. Àṣìṣe wà nínú ìtàn yẹn, èmi ni mi ò rí i! Asọ̀tàn ló sọ pé àwọn ẹbí "discussed about the burial", tó tún sọ pé ìyá náà kò lè "cope up with" ìbànújẹ́. "Discuss" kò fẹ́ "about" rárá. Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé "a discussion about", "a request for" àti "emphasis on" tọ̀nà, torí ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n. Tí wọ́n bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, atọ́kùn á bọ́ sílẹ̀: "discuss the burial", "request a loan", "emphasise the point". Àwa sì rèé, à ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, à ń béèrè fún un, à ń tẹnu mọ́ ọn, la bá kó atọ́kùn yẹn dání wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti "cope up with", ó jọ pé ẹgbẹ́ tó ń kó ló kó bá a: "put up with", "keep up with", "catch up with". Àwọn yẹn ní "up" tiwọn. "With" nìkan tó "cope".

Tó bá jẹ́ pé ẹnu ìyá yẹn ni "cope up" ti jáde, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn yìí kàwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara níbi gbogbo yòókù. Àṣìṣe lásán nìyẹn, kì í ṣe ohùn. Iṣẹ́ olóòtú ni láti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Èyí tó dùn mí jù ni gbólóhùn tó dára jù nínú ìtàn náà, tí mo tún bà jẹ́. Òǹkọ̀wé kọ nípa aṣọ olóògbé pé, "She put his clothes away. She could not throw them away." Mo ní "away" ti pọ̀ jù. Mo fi "stored" rọ́pò ti àkọ́kọ́, mo fi "discard" rọ́pò ìkejì. Ẹ gbà mí o! Ó kó wọn pamọ́, kò lè kó wọn dànù. "Away" kan náà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sínú àpótí, ìkejì ń lọ sí ààtàn, ìyá náà sì dúró láàárín. Báírò mi gbé e kúrò níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó tì mí lójú ni pé Yorùbá ti kọ́ mi ní gbogbo èyí kí n tó mọ ABD. Ẹ wo "pa". Ó yàtọ̀ kí èèyàn pa nǹkan, kó pa á mọ́, kó pa á tì, kó pa á rẹ́ tàbí kó pa á dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "put" ṣe ń bá "off", "out" àti "up with" kiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ̀wé lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa tó ń là sí méjì, tí a ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Kò sí ẹni tó máa sọ pé "mo bàjẹ́ ọkọ̀". "Mo ba ọkọ̀ jẹ́" ni. Gẹ̀ẹ́sì gba "put the bag down", ó gba "put down the bag", ṣùgbọ́n tó bá ti di "it", àárín ló ń jókòó: "put it down", gẹ́lẹ́ bíi "gbé e kalẹ̀". "Look after" ní tirẹ̀ kò ṣe é là: "look after it", bíi "bójú tó o". Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa kò yẹ kó máa bẹ̀rù phrasal verb.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ ṣáájú wa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ní London ní 1952, Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílé lójú. Ken Saro-Wiwa kò tiẹ̀ fi tirẹ̀ bò. Ó kọ ọ́ sára Sozaboy ní 1985 pé Gẹ̀ẹ́sì tó ti jẹrà ni òun fi kọ ọ́. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kejì yẹn náà dáadáa, ó mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó bá ológun rẹ̀ mu ni. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi òǹkọ̀wé wa nìyẹn kí n tó ṣí báírò: ṣé o yàn án ni, àbí ó bọ́ ni?

Àbúrò mi, tó o bá ń ka èyí, má bínú. A máa tún ìtàn rẹ tẹ̀. Ìyá rẹ á sọ "Off the light" bó ṣe sọ ọ́, "away" méjèèjì á padà sáyè wọn. "About" kan àti "up" kan péré la máa bá ọ yọ, tó o bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa ṣì ń jẹ́, aago mẹ́rin. Mú ìtàn mìíràn dání.