Ẹ̀yìn Tí A Sọ Di Iwájú: Ilé, Ère àti Orúkọ ní Òpópónà Marina, Èkó

Òpópónà tí ìwé ìjọba ń pè ní Marina ní erékùṣù Èkó ní orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn ọmọ Èkó: Ẹ̀hìngbẹ̀tì. Orúkọ náà kò tíì kú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ yá a lò fún àpérò ọrọ̀ ajé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ dúró lé lórí. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó pe etí ọ̀sà yìí ní ẹ̀yìn, ilé wo ni ó ń wò?

Ìdáhùn tí ó bá ìrísí erékùṣù náà mu jù lọ ni pé Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ti ń wò ó. Níbẹ̀ ni Ìgà Ìdúngánran, ààfin ọba, wà, lápá àríwá erékùṣù náà, nítòsí Ẹ̀bùtẹ̀ Èrò níbi tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkè ti ń gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀, etí omi tí ó wà ní gúúsù, ẹ̀yìnkùlé ni. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún 1861 tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ojú ìwòye yí padà. Ilé gómìnà, ilé ìṣòwò àti ilé ìjọsìn kọjú sí ọ̀sà, kí ẹni tí ó bá wọkọ̀ ojú omi dé lè rí wọn kí ó tó rí ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀yìn ìlú di iwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ó rọrùn láti ka gbogbo ohun tí ó dúró ní òpópónà yìí sí àmì ìṣàkóso amúnisìn. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ó ń lọ. Èdè àti iṣẹ́ ọnà Yorùbá ti fèsì fún àwọn ilé wọ̀nyí, èsì náà sì yẹ fún àtúpalẹ̀. Bákan náà ni ó yẹ kí a bèèrè bóyá èsì náà tó.

Ilé tí ó kọ́kọ́ yẹ ní kíkà ni Kàtídírà Ìjọ Krístì. Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ó sì parí ní 1946. Ọnà kíkọ́ ilé ìjọsìn ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ni a tẹ̀lé: fèrèsé olórí ṣóńṣó, òpó gíga, ilé ìṣọ́ tí ó ga ju àwọn àjà àyíká rẹ̀ lọ nígbà náà. Bí ojú nìkan bá ń ka ilé yìí, kò sí ohun Yorùbá kan nínú rẹ̀. Etí ni yóò kà á dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni T. K. Ekundayo Phillips fi jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin níbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ *Yoruba Music* (1953), ó ṣàlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe gbọdọ̀ bá ara wọn rìn, nítorí pé bí orin bá tẹ ohùn ọ̀rọ̀ lórí ba, ìtumọ̀ yóò fọ́. Òkúta kò yí padà, ṣùgbọ́n ohùn tí ó ń dún láàárín òkúta yí padà. Èsì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èsì kejì wà ní iwájú iléeṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina kan náà. Ère idẹ Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni. Ọmọ Onitsha ni Enwonwu, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Síbẹ̀ ère rẹ̀ wà lára àwọn ohun tí ó fetí sí èdè Yorùbá jù lọ ní òpópónà náà. Èdè yìí kò pe iná ìgbàlódé ní orúkọ àjèjì. Iná mànàmáná ni ó pè é, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gbé e sí ìkáwọ́ òrìṣà tí ó ni àrá. Ohun tí ọ̀rọ̀ ti so pọ̀ ni ère náà wulẹ̀ fi idẹ sọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ère náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn agbẹ́gilére Yorùbá. Nínú oṣé Ṣàngó tí a fi igi gbẹ́, òrìṣà fúnra rẹ̀ kì í sábà hàn. Ẹni tí a máa ń rí ni olùsìn, obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó kúnlẹ̀, tí ẹdùn àrá olójú méjì sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ọnà yẹn ń sọ ni pé orí ènìyàn ni agbára dúró lé. Bí ẹni tí ó rù ú bá yẹ̀, agbára yóò wó lulẹ̀. Ère Marina sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣàngó alára ni ó dúró, oṣé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń rù ú ti kúrò nínú àwòrán. Alámèyítọ́ lè pe èyí ní àṣìkà òrìṣà, ṣùgbọ́n ó bá ibi tí a gbé ère náà sí mu gan-an. Ní iwájú iléeṣẹ́ ìjọba, agbára di ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ga. Àwọn ará ìlú kì í ṣe ẹlẹ́gùn mọ́, oníbàárà ni wọ́n. Iléeṣẹ́ náà di NEPA ní 1972, ó sì di PHCN ní 2005. Òkùnkùn tí àwọn ènìyàn ń kùn sí kò yí orúkọ padà. Ẹni tí ó bá mọ oṣé onígi yóò rí ohun tí ó kù nínú ère náà: orí tí ó ń ru ẹrù.

Èsì ẹnu àti ti idẹ wọ̀nyí ga, ṣùgbọ́n wọn kò dáàbò bo ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun wó ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀, níbi tí a sin ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Èkó sí. A ti hú egungun Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther níbẹ̀ lọ sí Kàtídírà. Àwọn tí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún kan náà ni a dí etí ọ̀sà láti la ọ̀nà ọkọ̀ tuntun, tí Marina kò fi kan omi mọ́. Ní Gbàgede Tinúbú tí kò jìnnà síbẹ̀, Ilojo Bar, ilé ọnà àwọn Àgùdà, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin ní 1956. Wọ́n wó o ní 2016. Òfin wà, ilé kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ẹ̀hìngbẹ̀tì wà lẹ́nu, tí omi tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti lọ.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Yorùbá nìyí. Òfin tí ó pe Ilojo Bar ní ohun ìrántí kò bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ ní èdè wọn; orúkọ àti orin tí àwọn ará àdúgbò fi ń rántí kò sì dé inú ìwé òfin. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó lè fi oṣé onígi ka ère idẹ, tí ó sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orúkọ òpópónà mọ ibi tí ìlú kọjú sí, ní ohun èlò láti so méjèèjì pọ̀. Bí ó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ayàwòrán-ilé àti amòfin nìkan, ilé yóò máa lọ, orúkọ nìkan ni yóò sì kù fún un láti tú palẹ̀.